Lẹ́tà Èrèdí àti Ata Ṣáṣá

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní ṣe lámèyítọ́ ìtàn àròsọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní fọwọ́ kan ewì. Irú ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí lítíréṣọ̀, tó sì jẹ́ pé òun ni ìwé tó lágbára jù tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa máa kọ láyé wọn. Ojú ewé kan tàbí méjì péré ni. Òun ni lẹ́tà tí yunifásítì máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé fún oyè Másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ń pè ní statement of purpose. Èmi á máa pè é ní lẹ́tà èrèdí, torí ohun tó ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí lèrèdí tí o fi fẹ́ wá?

Àkókò rẹ̀ náà ti tún dé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ló máa ń ti ìlẹ̀kùn láàárín ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá sí àárín Oṣù Kìíní. Ní àgbègbè wa níbí, láti Òjóò dé Ṣáṣá títí lọ dé Mọ́níyà, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ baba wọn tán ń gbé fóònù káàkiri, wọ́n ń wá iná, wọ́n ń wá dátà. Ẹlòmíràn ń wá àyè ní Yunifásítì Ìbàdàn tó wà nítòsí, ẹlòmíràn ń wá a ní Kánádà, ẹlòmíràn ní Jámánì. Wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, ọ̀la ni wọ́n máa ti í." Mo ti ka irú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa wọlé, nítorí náà mo ti rí i láti ìhà méjèèjì. Ìdájọ́ mi rèé, kí n má fi bò: ohun tí àwọn ọmọ wa mọ̀ ni wọ́n ń fi pamọ́ nínú lẹ́tà yìí, ohun tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n fi ń yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bí lẹ́tà náà ṣe máa ń rí

Mo ṣe àpẹẹrẹ kan fúnra mi, kí n má baà tú àṣírí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ká ní ọmọbìnrin kan ní Ṣáṣá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú sáyẹ́ǹsì oúnjẹ, tí ìyá rẹ̀ sì ń ta ata àti tòmátò nínú ọjà. Lẹ́tà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Láti ìgbà èwe mi ni ìfẹ́ sáyẹ́ǹsì oúnjẹ ti ń jó bí iná nínú ọkàn mi. Mo jẹ́ akíkanjú, onítara àti aṣáájú láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo gbà gbọ́ pé yunifásítì yín tó lókìkí jákèjádò ayé ni ibi tí àlá mi yóò ti ṣẹ, tí n ó sì padà wá tún orílẹ̀-èdè mi ṣe."

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí, àbí? Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ lè yìn ín níléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò gbólóhùn sí gbólóhùn. Gbólóhùn kìíní sọ̀rọ̀ ìgbà èwe, ó wá dákẹ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà èwe náà. Gbólóhùn kejì to ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́ta jọ láìsí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè gbè é lẹ́sẹ̀. Gbólóhùn kẹta ń yin yunifásítì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá yí orúkọ yunifásítì náà padà, lẹ́tà ọ̀hún á ṣì dúró láìyingin. Bí ẹ bá fi òfin tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ rọ́pò sáyẹ́ǹsì oúnjẹ, á ṣì dúró. Lẹ́tà tó lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé oríkì ló kó bá wa, pé ìran Yorùbá fẹ́ràn ìyìn jù. Mi ò gbà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fetí sí oríkì dáadáa. Oríkì kì í sọ pé ènìyàn jẹ́ akíkanjú kó wá dúró síbẹ̀. Ìlú ló máa dárúkọ, ogun ló máa dárúkọ, á dárúkọ odò, á dárúkọ oúnjẹ tí ìran náà kì í jẹ, á tú àṣírí ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ìgbà mìíràn wà tí ohun tó ń sọ kò tilẹ̀ jọ ìyìn rárá. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló fi ń mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ènìyàn. Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀: ẹlòmíràn ló ń ki ni. Tí oníkálukú bá ń ki ara rẹ̀ kárí ọjà, a máa wo onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, lẹ́tà tí mo kọ sókè yìí kò tó oríkì, kò sì tó èrèdí. Inú àpẹẹrẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ṣà á wá, àwọn tó sì gbé àpẹẹrẹ náà síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn náà ti ṣà á.

Àwọn tó ti lọ ṣáájú

Ó dáa ká wẹ̀yìn wò díẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ n'Íbàdàn, lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí ilé ẹ̀kọ́ náà fi dá dúró gẹ́gẹ́ bíi Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1962. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, òkè òkun ló sábà máa forí lé. Kí ni wọ́n gbé lọ sọ́hùn-ún?

Adébóyè Babalọlá gbé ìjálá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Orin ọdẹ tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ ní ìpàdé Ògún, tí wọn ò kà sí ohun tí ilé ìwé lè béèrè, òun ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1964. Ìwé tó ti inú iṣẹ́ náà jáde di títẹ̀ lọ́dún 1966. Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ lọ sí Edinburgh, ó yẹ gírámà rẹ̀ wò, ó parí lọ́dún 1963, ìwé tirẹ̀ náà sì jáde lọ́dún 1966. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó lọ sọ fún òyìnbó pé iná kan ń jó nínú ọkàn òun kó sì parí síbẹ̀. Ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tí ẹni tó ń gbà wọ́n lálejò kò ní. Ìyẹn ló sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú àpẹẹrẹ tó wá láti ìhà kejì. Karin Barber jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, Yunifásítì Ifẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀ sí. Ó lọ ń gbé Òkukù, ìlú kékeré kan tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀. Ó gboyè lọ́dún 1979, ìwé rẹ̀ lórí oríkì jáde lọ́dún 1991, títí dòní kò sí ẹni tó máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn ní Áfíríkà tó lè fò ó dá. Mélòó nínú àwọn ọmọ Òkukù ìgbà yẹn ló rò pé ohun tí ìyá wọn ń kì láàárọ̀ lè gbé ènìyàn dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n?

Èyí tó tiẹ̀ sún mọ́ ilé jù ni ti Abner Cohen. Sábó, n'Íbàdàn wa níbí, ló wá jókòó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sókè. Ó ń wo bí àwọn Hausa ṣe ń ṣòwò màlúù àti obì, bí ẹni tó wà n'Íbàdàn ṣe ń fọkàn tán ẹni tó wà lókè Ọya láìtọwọ́ bọ̀wé, àti bí ẹ̀sìn ṣe wọ inú òwò náà. Ìwé tó fi ṣe jáde lọ́dún 1969, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá sì ń kà á káàkiri ayé. Kí ló wà ní Sábó ìgbà náà tí kò sí ní Ṣáṣá lónìí? Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátò. Ká ní ó ya àkọ́kọ́ yẹn dànù, ó wá jókòó, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí:

"Tòmátò tí ìyá mi ń tà ní ọjà Ṣáṣá, láti Àríwá ló ti ń wá nínú apẹ̀rẹ̀ híhun tí wọ́n tò léra nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó bá fi máa délẹ̀, ti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á ti fọ́, omi rẹ̀ á sì ti ba ti òkè jẹ́. Wọ́n á ṣà á sí ọ̀nà mẹ́ta, iye tó yàtọ̀ ni wọ́n sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí àwọn oníṣòwò lo kéréètì oníke, ọ̀pọ̀ ò sì lò ó. Níléèwé, wọ́n kọ́ mi ní ohun tó ń sọ tòmátò di rírà. Wọn ò kọ́ mi ní ìdí tí ẹni tó mọ̀ pé apẹ̀rẹ̀ ń ba ọjà òun jẹ́ kò fi jọ̀wọ́ apẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ wọn ohun tó ń ṣòfò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí n sì mọ ẹni tí òfò náà ń já lé lórí gan-an."

Ẹ wò ó. Ọmọ kan náà ni, ìyá kan náà ni, ọjà kan náà ni. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe lẹ́tà tí ẹlòmíràn lè jí kọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó kà á ti mọ̀ pé ọmọ yìí lójú, ó lè ronú, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ìwé sọ àti ohun tí ọjà ń ṣe. Ó ti fi òye rẹ̀ hàn, kò kàn pariwo rẹ̀. Ó tún ti sọ fún ìgbìmọ̀ irú alábòójútó tí òun ń wá: ẹni tó mọ̀ nípa títọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè, tó sì mọ̀ nípa ètò ọ̀rọ̀ ajé díẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé orí ire ló jẹ́ kí ìyá tirẹ̀ máa ta tòmátò. Ìbéèrè kún Ṣáṣá bí ata ṣe kún un. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò lè bi wá ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta wọ oko tòmátò ní Kàdúná débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde pàjáwìrì, tí apẹ̀rẹ̀ tòmátò sì di ọ̀wọ́n gógó níbí. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè jókòó sí ìdí àwọn alábàárù, kó gbọ́ bí Yorùbá àti Hausa ṣe ń wọnú ara wọn lẹ́nu àwọn tó ń dúnàá dúrà. Ṣebí láti inú Hausa ni a ti mú tàtàṣé, ibẹ̀ náà ni àlùbọ́sà gbà wọlé, òun tó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ẹni tó ka ìmọ̀ òṣèlú tàbí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ìjà Oṣù Kejì ọdún 2021, tó gba ẹ̀mí, tó sọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù di eérú, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ti ọjà náà pa. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Àríwá dá ọjà dúró, tí gúúsù kò rí àlùbọ́sà àti ẹran rà bó ṣe yẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Báwo ni àwọn tó jà ṣe tún padà ń tajà fún ara wọn? Ìbéèrè oyè ọ̀mọ̀wé gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń gbé ìdí ọjà náà ni ẹnu rẹ̀ gba á jù.

Bẹ́ẹ̀, ní ojú ọ̀nà kan náà yìí, ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ti wà láti ọdún 1967, tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga máa ń wá láti ilẹ̀ mìíràn wá ṣe ìwádìí níbẹ̀. Wọ́n ń wọkọ̀ òfuurufú wá sí àdúgbò tí àwọn ọmọ wa ń tijú láti dárúkọ nínú lẹ́tà.

Lẹ́tà ẹkún

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé, "Prof, a máa ń dárúkọ ìyá wa o." Òótọ́ ni. Ọ̀nà kejì tí lẹ́tà èrèdí wa fi ń ṣìnà nìyẹn, ó sì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú irú èyí, ìyá wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kó lè sunkún ló ṣe wà níbẹ̀. A ò jẹun sùn. Òjò ń jò wọ yàrá wa. Wọ́n lé mi kúrò níléèwé torí owó. Ìyá mi ta aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìsí àlàyé: nítorí náà, ẹ gbà mí sí ẹ̀ka yín.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìyà tó jẹ ẹ́ pamọ́. Àwọn yunifásítì kan tilẹ̀ máa ń béèrè ìtàn ìgbésí ayé lọ́tọ̀, nínú lẹ́tà mìíràn, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ìyà rọ́pò èrò, a ti gbé ìyá wa síta bí abọ́ ìtọrọ. Obìnrin tó ń ta tòmátò ní Ṣáṣá, onímọ̀ ni. Ó mọ èyí tó máa bàjẹ́ lọ́la, ó mọ ẹni tó yẹ kó tà láwìn fún, ó mọ iye tí ọkọ̀ máa gbà kí ọkọ̀ tó dé. Nínú lẹ́tà kejì tí mo kọ sókè, ìmọ̀ yẹn ló wà níbẹ̀. Nínú lẹ́tà ẹkún, omijé nìkan ló kù lára rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn tó ń kà á lókè òkun dá ara wọn lẹ́bi díẹ̀, torí àwọn kan wà lára wọn tí kì í fetí sí ọmọ Áfíríkà àfi tó bá ń sunkún. Ọjà tó bá ń tà lèèyàn ń gbé wá.

Lẹ́tà tí àwa fúnra wa ń kọ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà mo ní láti fàbọ̀ sọ́dọ̀ àwa olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń béèrè ajẹ́rìí mẹ́ta fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní tiwa? Akẹ́kọ̀ọ́ á tọ olùkọ́ lọ, olùkọ́ á ní, "Lọ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i." Ọmọ náà á wá máa ki ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta, ohùn kan náà. Ẹni tó ń kà á kì í ṣe òmùgọ̀. Ó máa ń dá ohùn mọ̀.

Bí olùkọ́ bá tiẹ̀ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń lò: òṣìṣẹ́ takuntakun, onírẹ̀lẹ̀, ọmọ tó ń gbọ́ràn, tó ń bọ̀wọ̀ fágbà, olùbẹ̀rù Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ ìyàwó la fẹ́ fẹ́, wọ́n tó. Àmọ́ ẹni tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Michigan tàbí ní Toronto ń wá ẹni tó lè bá òun jiyàn. Tó bá kà á pé ọmọ yìí ń gbọ́ràn, ọkàn rẹ̀ á sọ pé kò lè dá ronú. Ohun tí àwa kà sí ìyìn tó ga jù, àbùkù ni lójú ẹni tí a kọ ọ́ sí. Iṣẹ́ ni kí ẹ sọ. Ẹ sọ pé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí báyìí, pé ó rí àṣìṣe kan nínú ohun tí ẹ kọ́ kíláàsì, pé ó padà wá bá yín lẹ́ẹ̀mẹta títí ẹ fi gbà fún un. Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ tó ogún ọ̀rọ̀ ìyìn. Ẹni tí kò bá mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀, kó sọ fún un lójú rẹ̀, kó lè tètè wá ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀bi àwọn onílé náà

Kí ẹ má rò pé ẹ̀yìn ọmọ wa nìkan ni mo ń nà. Ilé tí wọ́n fẹ́ wọ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù wà, ní dọ́là. Owó transcript wà, àti oṣù tí ènìyàn máa fi dúró dè é. Wọ́n á tún ní kí ọmọ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Èsì ìdánwò náà, IELTS ni o, TOEFL ni o, ọdún méjì péré ló ń lò kó tó di pé kò wúlò mọ́, bí ẹni pé èdè máa ń rà bíi tòmátò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ti jáwọ́ nínú ìdánwò GRE, àwọn kan sì máa ń dárí owó fọ́ọ̀mù ji ẹni tó bá kọ̀wé béèrè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa béèrè, ẹnu kì í wúwo.

Ẹ̀bi tó tún wà ni pé fọ́ọ̀mù wọn gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá èrèdí ní. Ní tiwa, ìdílé ló ń rán ọmọ níléèwé. Ẹ̀gbọ́n ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, àbúrò ń retí. Lẹ́tà náà kò ní àyè fún wọn. Mo mọ̀ pé ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí àwọn ọmọ wa máa ṣe ìlérí pé àwọn á tún orílẹ̀-èdè ṣe: gbèsè ni wọ́n ń gbìyànjú láti sọ, wọn ò rí èdè tí wọ́n lè fi sọ ọ́. Ẹ fi gbèsè yẹn sọ́kàn, kò pọn dandan kó wà nínú lẹ́tà.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde ni mo ti ń rí lẹ́tà tó ń dán gbinrin, tí kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀, tí kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè bá yín tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Kò tíì dúró ní Ṣáṣá láàárọ̀ kùtù rí. Ohun tí gbogbo ayé ti sọ ló lè sọ, ohun tí gbogbo ayé ti sọ sì ni ìgbìmọ̀ náà ti sú tán pátápátá.

Jápa ńkọ́?

Ìbéèrè tó kù, òun ló le jù. Ẹlòmíràn á sọ pé, "Prof, kí a má tan ara wa, mi ò ní ìbéèrè kankan. Mo kàn fẹ́ lọ ni." Mo gbọ́. Pẹ̀lú bí ìlú ṣe rí, mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí ẹ ń béèrè. Oyè ọ̀mọ̀wé lè gba ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí wọ́n fi gbani wọlé kò ní bá yín jókòó lálẹ́ nígbà òtútù tí ìwádìí bá dojú rú. Ìbéèrè ló ń bá ènìyàn jókòó. Mo ti rí ọmọ tó gbọ́n tó wọlé láìní i, tó lo ọdún mẹ́ta láti ronú ohun tí ìbá ti ronú sí kó tó kúrò nílé. Iyì rẹ̀ tán, owó tán, ó sì ń tijú àtipadà wálé. Lẹ́tà èrèdí kì í ṣe ìlẹ̀kùn lásán, nítorí pé ẹni tó bá kọ ọ́ dáadáa ti mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun lọ tàbí kí òun wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo rí nìyí. Bí àlejò bá dé ilé àgbà, á kí, á sọ ibi tó ti ń bọ̀, á sì sọ ohun tó bá wá. Kì í fi wákàtí kan yin òrùlé onílé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìpínrọ̀ kìíní sọ ìbéèrè yín àti ibi tí ẹ ti rí i. Kí ìkejì sọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lórí rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Kí ìkẹta dárúkọ olùkọ́ kan tàbí méjì níbẹ̀ tí ẹ ti ka iṣẹ́ wọn lóòótọ́, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti gbà pẹ̀lú wọn àti ibi tí ẹ kò ti gbà. Tó bá jẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni, ẹ ti fi ìmáìlì kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn kí ìlẹ̀kùn tó tì. Tí Amẹ́ríkà bá gbà yín pẹ̀lú owó ìrànwọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú: ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ ní títí di Ọjọ́ 15, Oṣù Kẹrin láti fèsì.

Lẹ́yìn náà kí ẹ ka lẹ́tà yín sókè fún ẹni tó bí yín, ní Yorùbá. Bí ìyá yín bá gbọ́ ọ tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o máa ń wò mí tó báyìí?", ẹ fi ránṣẹ́. Bó bá kàn sọ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á dùn gan-an, ẹ tún un kọ.

Ó dìgbà kan ná.